Èèwọ̀ Inú Korobá

Gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn Èṣù ni ó mọ̀ pé epo pupa ni ó fẹ́, àdín sì ni èèwọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ara ẹyìn kan náà ni epo àti àdín ti ń wá. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níhìn-ín ni pé ohun tí a fi ṣe èèwọ̀ lè má burú fúnra rẹ̀. Ohun tí a mú un bá pàdé ni ó ń sọ ọ́ di ibi.

Ẹ jẹ́ kí a gbé òye yìí lọ sí Ṣógúnlé, sí ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá, tí ọ̀pọ̀ ojúlé sì ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó kàn láti fọ̀ ọ́ da bílíìṣì sí i. Nígbà tí ìdọ̀tí kò ṣí, ó tún da ásíìdì lé e, ó ní agbára méjì ju ọ̀kan lọ. Sodium hypochlorite ni ó wà nínú bílíìṣì. Bí ásíìdì bá ti kàn án, chlorine ni yóò tú jáde. Afẹ́fẹ́ olóró yìí ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn lẹ́bàá Ypres, ní Belgium, ní ọjọ́ 22, oṣù kẹrin, ọdún 1915. Ó wúwo tó ìlọ́po méjì àbọ̀ afẹ́fẹ́ tí à ń mí, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni ó ń rọ̀ sí, níbi tí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé orí sí. Yóò ta á lójú, yóò sì jó o ní ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Ammonia náà kò gbọdọ̀ bá bílíìṣì pàdé. Ó sì wà nínú ìtọ̀ tí ó ti pẹ́ nílẹ̀.

Nínú oríkì orílẹ̀ ni a ti máa ń gbọ́ èèwọ̀ ìdílé. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara ìgò ni oríkì ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a bá rọ ásíìdì sínú ike omi tí kò ní àkọlé, tí a sì ń tà á lójú pópó, a ti gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò sì mọ orúkọ, báwo ni yóò ṣe mọ èèwọ̀?

Nítorí náà, ọ̀kan ni kí a lò. Bí a óò bá lo èkejì, kí a kọ́kọ́ fi omi púpọ̀ ṣan ti àkọ́kọ́ dànù pátápátá. Bí òórùn bá ta ni nímú, kí a sá jáde síta gbangba, kí a fi omi mímọ́ bọ ojú, kí a sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn bí èémí kò bá já geere. Ìmọ́tótó ni a ń wá. Kí a má ṣe fi ẹ̀mí rà á.