Ìtẹ́lẹ̀ Tó Yẹ Yàrá Abẹ́ Ilé ní Ìlú Ìlọrin

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ yìí dá lórí bí a ṣe lè yan ohun tí a ó fi ṣe ilẹ̀ yàrá abẹ́ ilé. Yàrá abẹ́ ilé tí a ń wí ni yàrá tí ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ ìta lọ, yálà ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí yíká. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́ sí odò Asà, a máa ń rí ilé tí apá kan rẹ̀ wọlẹ̀.

Òǹkọ̀wé iṣẹ́ yìí ti gbé ọ̀kan rí. Ìtẹ́lẹ̀ oníke tó ń dán ni ó bá níbẹ̀. Kí òjò ọdún náà tó dá, ìwé ìwádìí mẹ́ta tó wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ti bu, wọn kò sì ṣeé kà mọ́. Méjì nínú àwọn àgbà tí ó gba ọ̀rọ̀ inú wọn sílẹ̀ sì ti dolóògbé. Òrùlé kò jò. Níbo, nígbà náà, ni omi gbà wọlé?

2. Bí Omi Ṣe Ń Gòkè

Ìsàlẹ̀ ni omi náà ti wá. Láti bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ni òjò máa ń rọ̀ ní Ìlọrin, omi inú ilẹ̀ a sì máa súnmọ́ òkè. Bí òwú àtùpà ti ń fa epo, bẹ́ẹ̀ ni ihò kéékèèké inú amọ̀ ń fa omi. Ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1 lè fa omi gòkè ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Èyí tó bá fi ìlọ́po 10 tín-ín-rín jù ú lọ yóò fà á dé bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Kankéré pàápàá ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Ìtẹ́lẹ̀ oníke kò dá omi yìí dúró; ó kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni, títí yóò fi wá ọ̀nà jáde lẹ́bàá ògiri.

3. Ẹ̀rí Láti Ilé-Ifẹ̀

Ilẹ̀ amọ̀ tí a lù, tí a sì fi ìgbẹ́ màlúù pa, rọrùn láti tún ṣe, ṣùgbọ́n bí omi bá dúró lé e, ó di ẹrẹ̀. Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ mọ èyí. Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojúde àti àgbàlá. Ọ̀pọ̀ àpáàdì náà ni wọ́n tò ní ìdúró, tí wọ́n sì ń fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́ sí i. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, tí í ṣe obìnrin, ló pàṣẹ rẹ̀. Peter Garlake wú irú rẹ̀ jáde ní Ilẹ̀ Ọbalárá ní 1971 sí 1972.

Òótọ́ ni pé ìta gbangba ni wọ̀nyí, wọn kì í ṣe yàrá abẹ́ ilé. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé amọ̀ tí iná ti sun kì í padà di ẹrẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìkòkò àwọn obìnrin amọ̀kòkò Dada ní Òkèlélé ti ń fi hàn wá lójoojúmọ́.

4. Yíyan Ìtẹ́lẹ̀

Bí ilẹ̀ bá ti wà tẹ́lẹ̀, kí a kọ́kọ́ dán an wò. Kí a tẹ́ ọ̀rá tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ sí i, kí a lẹ etí rẹ̀ pa fún wákàtí 16 ó kéré tán. Bí ìrì bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, omi ń gòkè nìyẹn.

Bí a bá ń kọ́ ilé tuntun, òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ wọlẹ̀, nítorí àlàfo àárín wọn tóbi ju èyí tó lè fa omi lọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá tó nípọn, kí kankéré tó tẹ̀lé e. Lójú ilẹ̀, táìlì tí a fi símẹ́ńtì lẹ̀ tàbí tẹrásò ló yẹ. Pákó yóò wú, ikán yóò sì jẹ ẹ́. Kápẹ́ẹ̀tì yóò mu omi, yóò sì bu.

5. Ìkádìí

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí owó kò bá ká òkúta, ọ̀rá àti táìlì pọ̀, táìlì ni kí a fi sílẹ̀. A lè tẹ́ ẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ó ṣe fi ọ̀rá sábẹ́ kankéré tó ti gan láìfọ́ gbogbo rẹ̀.