Ẹ Wá Ọ̀nà fún Omi Kí Ẹ Tó Fi Ìpìlẹ̀ Ilé Lélẹ̀

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin baálé ilé, kò sí òbí tí inú rẹ̀ kì í dùn ní ọjọ́ tí ó bá kó kúrò ní ilé àyágbé bọ́ sí ilé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àrunṣu, ibà àti ikọ́ tí ń yọ ọmọdé lẹ́nu nínú ọ̀pọ̀ ilé tuntun ti ní orísun láti ọjọ́ tí a ti gbẹ́ ìpìlẹ̀: ilẹ̀ tí a kò kún tó, gọ́tà tí kò ní ibi tí ó ń dà sí, sókáwéè tí a gbẹ́ sí ìtòsí kànga. Ọ̀rọ̀ àwọn ìdílé tí ń kọ́lé láti Lẹ́kí títí dé Ajah ni a fẹ́ sọ níhìn-ín, kí owó tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ kó jọ má baà di owó ilé-ìwòsàn.

Irú Ilẹ̀ Tí Ó Wà ní Ẹtí-Ọ̀sà

Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Lẹ́kí àti Ajah wà nínú rẹ̀ ti sọ irú ibi tí ó jẹ́: Ẹtí-Ọ̀sà. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù, ọ̀sà Èkó wà ní àríwá, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà láàárín méjèèjì kò sì fi púpọ̀ ga ju ojú omi lọ. Yanrìn ni ibìkan, àbàtà dúdú ni ibòmíràn. Púpọ̀ nínú ibi tí a ń tà ní pulọ́ọ̀tì ni ó ti jẹ́ irà rí kí a tó da yanrìn kún un. Bí òjò bá ń rọ̀ ní oṣù Kẹfà àti Keje, tàbí ní ìgbà àrọ̀kúrò ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, omi inú ilẹ̀ a máa gòkè wá.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí onílé mọ̀. Bí òkun bá kún, ọ̀sà náà a kún, a sì dí ẹnu àwọn kánáàlì tí ó yẹ kí ó gbé omi òjò lọ. Nígbà bẹ́ẹ̀, omi inú gọ́tà tí ó mọ́ tónítóní pàápàá yóò dúró lójú kan fún wákàtí púpọ̀, títí òkun yóò fi fà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2017, àti ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2024, òjò ńlá rọ̀ ní Èkó, ó sì sọ ọ̀pọ̀ òpópónà di odò. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Iṣẹ́ onílé ni kí ó má gbà. Kí a tó ra ilẹ̀ rárá sì ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Tí Onígbáméjì Kọ́ Wa

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì gba ẹ̀mí. Ẹtí-Ọ̀sà wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ti pọ̀ jù lọ. Kòkòrò àrùn yìí a máa ti inú ìgbẹ́ aláìsàn bọ́ sínú omi tàbí oúnjẹ ẹni tí ara rẹ̀ le. Ọ̀nà kan náà ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní táífọ́ọ̀dù, ń gbà wọ ilé. Níbi tí omi ìgbẹ́ bá ti lè dé ibi tí omi mímu wà, àrùn ti rí ọ̀nà.

Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú ẹkún ní ọdún 1854. Onígbáméjì pa ènìyàn tí ó lé ní 600 ní àdúgbò tí a ń pè ní Soho. Dókítà John Snow ṣe ìwádìí láti ilé dé ilé, ó sì rí i pé omi kànga kan ní òpópónà Broad Street ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kú ti mu. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ̀ pé ìyá kan, tí ìkókó rẹ̀ ń ṣàìsàn, ti fọ aṣọ ìtẹ́dìí ọmọ náà, ó sì da omi rẹ̀ sínú kòtò ìdọ̀tí ilé wọn. Kòtò náà kò jìnnà sí kànga ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, ògiri rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ohun tí gbogbo ìyá ń ṣe ni ìyá yìí ṣe. Ibi tí a gbẹ́ kòtò sí ni ó sọ aṣọ ọmọ kan di ikú fún àdúgbò.

Ìwé Tí Ó Yẹ Kí A Béèrè Kí A Tó Sanwó

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ ìṣàkóso gómìnà. Láti Lẹ́kí lọ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ni ìjọba ti gbà fún ìlò ara rẹ̀. Ó sì ti dá àwọn kan padà fún ìdílé tí ó ni ín, ó sì kéde rẹ̀ nínú ìwé ìkéde ìjọba. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ onílẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé sọ́fè ilẹ̀ náà, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì Sọ́féyọ̀-Àgbà ní Alausa, kí wọ́n wò ó bóyá ilẹ̀ ìjọba ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka tí ń bójú tó ọ̀nà omi ní Ilé-iṣẹ́ Àyíká àti Ohun Àmúṣọrọ̀ Omi bóyá kánáàlì kan gba ibẹ̀ kọjá, àti ìwọ̀n àyè tí òfin ní kí a fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ojú ọ̀nà omi a máa dà bí ilẹ̀ lásán. Ní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ wó ọ̀pọ̀ ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà odò Ikota àti sí orí àwọn kánáàlì tí a mọ̀ sí System 156 àti System 157. Àwọn kan nínú àwọn onílé ní àwọn ní ìwé lọ́wọ́. Àwọn àgbà kò sì tíì gbàgbé Maroko, tí ìjọba ológun wó ní oṣù Keje ọdún 1990, tí ó ní omi lè bò ó. Àìmọye ìdílé ni ó di aláìnílé nígbà náà, tí àwọn kan sì ṣí wá sí Ilasan àti Ikota. Ẹni tí a wó ilé rẹ̀ kò pàdánù owó nìkan. Ibi tí ọmọ rẹ̀ ti ń sùn àti ibi tí ó ti ń pọn omi ti bàjẹ́ ní ọjọ́ kan.

Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ni ó kàn. Àjọ LASPPPA ni ó ń fúnni ní èyí, lẹ́yìn tí ayàwòrán ilé àti ẹnjiníà tí òfin mọ̀ bá ti fọwọ́ sí àwòrán. Àjọ LASBCA ni yóò máa wá wo iṣẹ́ náà bí ó ti ń lọ. Ẹ má ṣe rí àwọn òṣìṣẹ́ yìí bí ọ̀tá. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2016, ilé alájà márùn-ún kan tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní Lẹ́kí wó lulẹ̀, ènìyàn tí ó lé ní 30 sì kú. Ìjọba sọ pé wọ́n ti kọ́ àjà kún iye tí a fọwọ́ sí.

Kíkún Ilẹ̀ àti Ìpìlẹ̀

Kò yẹ kí a da yanrìn lé àbàtà dúdú lórí. Ilẹ̀ rírọ̀ tí ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà kún inú rẹ̀ yóò máa rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ògiri yóò sì máa sán. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí a kó o kúrò, àfi bí ẹnjiníà bá sọ ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn náà ni a ó da yanrìn tí kò ní ẹrẹ̀ ní ìpele ìpele, tí a ó sì fi ẹ̀rọ ki ìpele kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí a tó da òmíràn lé e.

Ẹ fi ìnáwó yìí sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀. Pulọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 jẹ́ nǹkan bí mítà 18 sí 36. Láti gbé gbogbo rẹ̀ ga ní mítà 1, kúbíìkì mítà 648 yanrìn ni a ó lò. Bí típà kan bá ń gbé kúbíìkì mítà 10, nǹkan bí típà 65 nìyẹn, kí a tó kì í mọ́lẹ̀.

Ẹnjiníà yóò ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ kí ó tó yan ìpìlẹ̀. Ní ilẹ̀ rírọ̀, a sábà máa ń lo ìpìlẹ̀ ráàfù, èyí ni kọnkéré onírin kan ṣoṣo tí ó tẹ́ lábẹ́ gbogbo ilé bí ẹní. Ẹ jẹ́ kí a tẹ́ ọ̀rá líle sábẹ́ kọnkéré náà kí ọ̀rinrin má baà fà gòkè. Ògiri tí ń rin a máa bu, yàrá bẹ́ẹ̀ sì lè mú kí ikọ́ ọmọdé àti ikọ́-fée le sí i.

Ní àkókò iṣẹ́, ẹ fi páànù tàbí igi yí gbogbo ihò ká. Ihò ìpìlẹ̀ tí omi dúró sí lè gba ẹ̀mí ọmọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀fọn tí ń fa ibà sì lè ti inú ẹyin di abìyẹ́ nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ máa fa omi náà dànù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Gọ́tà Tí Ó Ní Ibi Tí Ó Ń Lọ

Kí gọ́tà tó lè fa omi dáadáa, ó yẹ kí ó máa lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Láti ẹ̀yìn pulọ́ọ̀tì mítà 36 dé ẹnu ọ̀nà, sẹ̀ǹtímítà 36 ni ìyàtọ̀ náà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí sọ́féyọ̀ wọn gíga títì àti gọ́tà ìta kí ẹ tó pinnu bí ilẹ̀ inú ilé yóò ti ga tó, kí ẹ sì fi díẹ̀ kún un, nítorí títì tí a bá tún ṣe a máa ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Omi tí ilẹ̀ gíga yín bá lé jáde, ilé aládùúgbò ni yóò wọ̀ bí kò bá rí gọ́tà. Ẹ má ṣe fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo àgbàlá. Ẹ fi ibi koríko àti igi sílẹ̀ kí ilẹ̀ lè mu omi. Ẹ má sì ṣe da omi balùwẹ̀ àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí gọ́tà ojú títì, nítorí òjò yóò gbé e padà wá sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ènìyàn.

Kànga àti Sókáwéè

Ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ìlera ni pé kí ó kéré tán mítà 30 wà láàárín kànga àti sókáwéè. Ẹ wò ó nínú pulọ́ọ̀tì mítà 18 sí 36: bí sókáwéè bá wà ní igun kan níwájú, tí kànga sì wà ní igun òdìkejì lẹ́yìn, nǹkan bí mítà 35 ni ó wà láàárín wọn. Ó ṣeé ṣe, bí a bá ti fi sínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àbọ̀ pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 60, láti igun dé igun kò lè tó mítà 30. Ní irú ibẹ̀, ó sàn kí ẹ gba omi láti ibi tí a ti ń tọ́jú rẹ̀, tàbí kí àwọn aládùúgbò pawọ́ pọ̀ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan tí ó jìn, tí a fi páìpù àti sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ agbègbè náà, nítorí omi iyọ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ ní ibi púpọ̀ ní Lẹ́kí.

Sókáwéè aládùúgbò náà wà nínú ìṣirò yìí. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ bá wọn jókòó sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀.

Ẹ gbẹ́ ihò kékeré kan wò ní oṣù Keje, kí ẹ rí ibi tí omi inú ilẹ̀ gòkè dé. Ibi tí ó bá ti súnmọ́ òkè, sókáwéè kò lè fà. Inú omi ni ìgbẹ́ yóò máa wà. Táǹkì tí kò jò, tí ọkọ̀ yóò máa wá fà, ni ó yẹ níbẹ̀, tàbí ẹ̀rọ ìfọ-omi-ìdọ̀tí tí gbogbo àdúgbò jùmọ̀ ń lò.

Bí Ẹ Bá Ti Ń Gbé Inú Ilé Náà

Ẹ̀yin tí ilé yín ti parí, tí kànga sì súnmọ́ sókáwéè, ẹ má ṣe bọkàn jẹ́. Ẹ máa se omi mímu kí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí ẹ sì gbé e sínú ohun èlò oníderí. Bí àkúnya omi bá wọ kànga, ẹ má ṣe mu ún títí wolé-wolé tàbí òṣìṣẹ́ omi yóò fi rí sí i.

Bí ọmọ bá ń ṣu omi, ẹ po ORS ní ìwọ̀n omi tí a kọ sí ara ọ̀rá rẹ̀, ẹ máa fún un lómi náà díẹ̀díẹ̀, ẹ má dá ọmú dúró, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn láìjáfara.

Ìbéèrè Mẹ́rin fún Ìyá Ilé

Kí a tó gbé búlọ́ọ̀kù kìíní kalẹ̀, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí, kí ẹ má sì gba ìdáhùn tí kò ní ìwé:

1. Ta ni ó ni ilẹ̀ yìí nínú ìwé ìjọba, kánáàlì ha gba ibẹ̀ kọjá bí?
2. Níbo ni omi òjò wa yóò máa lọ bí ọ̀sà bá kún?
3. Mítà mélòó ni ó wà láàárín kànga wa àti gbogbo sókáwéè tí ó yí wa ká?
4. Ẹnjiníà wo ni ó yẹ ilẹ̀ wò, kí ni ó sì rí?

Ìdènà àrùn sàn ju ìwòsàn lọ. Ilé tí a ti mọ ọ̀nà omi rẹ̀ kí a tó kọ́ ọ ni ọmọ lè gbé dàgbà nínú rẹ̀ ní àlàáfíà.