Kí ló wà lábẹ́ ibùsùn yín?

Ọ̀rọ̀ ilé títò la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má sọ pé, "Ṣé ọ̀rọ̀ nìyẹn?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé tèmi ná.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń gún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, mo ń wá ìwé abẹ́rẹ́ ọmọ mi. Mo tú àpótí, kò sí. Mo tú àpò aṣọ, kò sí. Mo wá nawọ́ sábẹ́ ibùsùn, ni mo bá fa ike omi kan jáde. Mo ṣí i: oògùn kòkòrò òwú ni! A bù ú lọ́wọ́ aládùúgbò kan nígbà òjò, a sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ike omi mímu àwọn ọmọ wà. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tí mo ń gba yín nímọ̀ràn lórí rédíò, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé títò kì í ṣe torí àlejò. Ọmọ kékeré ò mọ̀wé kà. Ohun tó mọ̀ ni pé inú irú ike yìí ni omi máa ń wà. Torí náà, ohun tó lè pani ni kí ẹ kọ́kọ́ kó kúrò.

Epo kpayo, epo òyìnbó, sódà tí a fi ń se ọṣẹ, omi bátìrì, oògùn oko: kò sí èyí tó yẹ kó wà ní yàrá tí a ń sùn. Ẹ fi oògùn oko sílẹ̀ nínú ike tirẹ̀ tó ní ìwé lára, kí ẹ tì í mọ́ ibi gíga. Ẹ má gbé epo kpayo sún mọ́ iná, torí èéfín rẹ̀ tí a kò rí máa ń rìn nílẹ̀ lọ bá iná níbi tó jìnnà. Ike oògùn tó ti tán ńkọ́? Bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó, ẹ má bu omi tàbí epo pupa sí i.

Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má mú kó bì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní wàrà. Ẹ gbé ọmọ, ẹ mú ike náà dání, kí ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo oúnjẹ. Ibi tí àkísà àti àpótí àtijọ́ bá kún sí ni èkúté ń bímọ sí, èkúté sì lè gbé ibà Lassa wá. Ẹ bo gàrí àti àgbàdo dáadáa.

Ẹ wá kó ìwé jọ: ìwé ìbí, ìwé abẹ́rẹ́, ìwé ilẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan ṣoṣo, kí ẹ so ó kọ́ níbi tí ikán àti òjò ò ní dé, kí gbogbo àgbà ilé sì mọ ibẹ̀.

Báwo la ṣe máa ṣe é? Ẹ má fẹ́ parí ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Igun kan lọ́jọ́ kan tó. Ẹ kó ẹrù síta, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta: èyí tí a ń lò, èyí tí a lè tà tàbí fi tọrẹ, èyí tí a máa dà nù. "Ó máa wúlò lọ́jọ́ kan" ni gbogbo wa ń sọ, ọdún márùn-ún á sì kọjá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹrù ìyá ọkọ yín ni, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kàn án o!

Ìwé abẹ́rẹ́ tí mò ń wá ńkọ́? Ọjọ́ kejì ni mo rí i, láàárín àwo tí a ń gbé fún àlejò. Àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ ti lọ. Ọmọ mi dúró di oṣù tó tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́: Kí ló wà nínú ike nílé yín tí kì í ṣe omi? Bí ẹ bá nílò ìwé ìbí ọmọ yín lóru òní, ṣé ẹ máa rí i? Ẹ jọ sọ ọ́, kí ẹ tó túká. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.