Ta Ló Ń Yan Bráúsà fún Kọ̀ǹpútà Rẹ?

Tí o bá tẹ líǹkì kan nínú ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà Windows, áàpù ímeèlì yẹn kọ́ ló sábà máa ń pinnu bráúsà tí líǹkì náà á ṣí sí. Windows ló máa gbé e lé lọ́wọ́. Windows á wo ìbẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì náà; tó bá ti rí http tàbí https, á yẹ àkọsílẹ̀ kan tó ń tọ́jú fúnra rẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ ChromeHTML ló wà níbẹ̀, Chrome á ṣí. Tó bá jẹ́ MSEdgeHTM, Edge ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ò ju ìyẹn lọ. Tí èèyàn méjì bá sì ń lo kọ̀ǹpútà kan náà, tí kálukú ní àkáǹtì tiẹ̀, kálukú ló ní àkọsílẹ̀ tiẹ̀.

Nǹkan kékeré yìí ló ti dá ìjà ńlá sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yí ohun tí wọ́n bá lórí kọ̀ǹpútà padà. Lọ́dún 2013, European Commission ní kí Microsoft, ilé iṣẹ́ tó ni Windows, san ìtanràn mílíọ̀nù 561 owó yúrò. Ilé iṣẹ́ náà ti ṣèlérí pé àwọn tó ń lo Windows ní Yúróòpù á máa rí ibi tí wọ́n ti lè yan bráúsà tó wù wọ́n, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo Windows 7 ò rí i láti oṣù Karùn-ún ọdún 2011 títí di oṣù Keje ọdún 2012.

Láyé ìgbà kan, bráúsà èyíkéyìí ló lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ Windows yẹn. O fi ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà, ó gbapò. Òmíràn dé, ó tún gbà á. Láti orí Windows 8 ni Microsoft ti ń fi òǹtẹ̀ ti àkọsílẹ̀ náà: bí áàpù kan bá yí i padà láìsí òǹtẹ̀ tó bá a mu, Windows ò ní gbà á wọlé. Ìyẹn dáa, torí kò ní rọrùn fún àwọn áàpù burúkú láti já a gbà mọ́. Ohun tí kò dáa lójú mi ni pé Microsoft tó ni Edge náà ló mú òǹtẹ̀ dání. Nígbà tí Windows 11 jáde lọ́dún 2021, tó o bá fẹ́ pààrọ̀ bráúsà, o gbọ́dọ̀ yí http, https, .htm àti .html padà níkọ̀ọ̀kan kó tó tán. Àríwísí pọ̀, ni wọ́n bá fi bọ́tìnnì kan ṣoṣo sí i lọ́dún 2022.

Tó o bá fẹ́ yí tìrẹ padà lórí Windows 11, lọ sí Settings, tẹ Apps, kó o tẹ Default apps. Wá orúkọ bráúsà tó o fẹ́, tẹ̀ ẹ́, kó o tẹ Set default tó wà lókè. Lórí Mac, System Settings ni, lábẹ́ Desktop & Dock. Àmọ́ tó ò bá sí ní àgbègbè ètò ọrọ̀ ajé Yúróòpù (EEA), líǹkì tó o bá tẹ̀ nínú Widgets ti Windows á ṣì máa ṣí nínú Edge. Fáìlì PDF náà dá dúró: tó bá ṣì ń ṣí síbi tó ò fẹ́, padà sí Default apps yẹn kó o yí .pdf padà lọ́tọ̀.