Fiasco: eré tí adùn rẹ̀ wà nínú ohun tí olùṣe rẹ̀ kò ṣe tán

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló gbà pé bí ọjà kan yóò bá tà, ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ parí gbogbo iṣẹ́ ara rẹ̀ kó tó gbé e síwájú oníbàárà. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ North Carolina, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Bully Pulpit Games lorúkọ rẹ̀, tó gbé eré kan jáde lọ́dún 2009, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi apá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tó bá rà á. Fiasco ni wọ́n pe eré náà, ìyẹn ohun tó dojú rú pátápátá. Jason Morningstar ló ronú kàn án. Lọ́dún 2011, ó gba ẹ̀bùn Diana Jones, èyí tí wọ́n máa ń fún iṣẹ́ tó bá ta yọ láàárín àwọn tó ń ṣe eré orí tábìlì. Kí ni àwọn èèyàn wá rí nínú rẹ̀? Ìdáhùn ìbéèrè yìí wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá ń fi owó kékeré ṣòwò.

Irú eré wo ni?

Eré yìí kì í ṣe ayò, kì í sì í ṣe tẹ́tẹ́. Àwọn èèyàn mélòó kan á jókòó yí tábìlì ká, oníkálukú á sọ ara rẹ̀ di ẹnì kan nínú ìtàn, á sì máa fẹnu sọ ohun tí ẹni náà ń ṣe àti ohun tó ń wí. Bí ọ̀kan bá ti sọ̀rọ̀, èkejì á fèsì, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn á ṣe máa lọ títí yóò fi parí. Ó dà bí eré orí ìtàgé tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tó sì jẹ́ pé àwọn òṣèré fúnra wọn náà ni òǹwòran.

Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde lọ́dún 1974, ló la ọ̀nà fún irú eré yìí. Lónìí, ilé-iṣẹ́ ńlá Hasbro ló ni ín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ eré mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní ti olómìnira: ẹni tó ronú kàn wọ́n ló ni wọ́n, òun àti àwọn èèyàn díẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sì ń tẹ̀ wọ́n, tí wọ́n ń tà wọ́n. Ọ̀kan lára wọn ni Fiasco.

Ẹrù tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀

Nínú Dungeons & Dragons, ẹnì kan ní láti jẹ́ alákòóso. Òun ló ń múra ìtàn sílẹ̀ kí àwọn yòókù tó dé, òun ló ń darí àwọn ọ̀tá inú ìtàn, òun náà ló sì ń ṣe onídàájọ́. Ìtàn kan lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Bí alákòóso bá rìnrìn àjò, tàbí tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè, eré dáwọ́ dúró nìyẹn. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ tó sì ń tọ́mọ mọ bó ti ṣòro tó láti kó èèyàn márùn-ún jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Fiasco sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. Kò sí alákòóso, kò sì sí pé ẹnì kan ń múra sílẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta. Èèyàn mẹ́ta sí márùn-ún ló nílò, wákàtí bíi mẹ́ta sì tó wọn láti bẹ̀rẹ̀ ìtàn kí wọ́n sì parí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ìrọ̀rùn yìí ni ohun àkọ́kọ́ tó mú kí àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Nínú ìwé tó kọ́kọ́ jáde, dáìsì mẹ́rin ni wọ́n ń kó sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, funfun méjì, dúdú méjì. Wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, nọ́ńbà tó bá yọ ni wọ́n á sì fi mú nǹkan látinú àkójọ tí ìwé náà pèsè. Àkójọ yìí ló ń sọ ohun tó pa ẹni méjì tó jókòó ti ara wọn pọ̀: ó lè jẹ́ ẹbí, iṣẹ́, ìfẹ́ tàbí ìwà ọ̀daràn. Ó tún ń sọ ohun tí wọ́n ń wá, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, tàbí ohun èlò kan tí yóò dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ fojú inú wò ó pé ní ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ni ilé epo àti àbúrò ìyàwó rẹ̀ ti jẹ gbèsè wọ ọrùn. Wọ́n fẹ́ dáná sun ilé epo náà kí wọ́n lè gba owó adójútòfò. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyàwó ti sọ àṣírí fún ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, ọlọ́pàá sì ni bàbá ọmọbìnrin náà. Ẹnikẹ́ni kò kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àkójọ ló fún wọn ní ìpìlẹ̀, àwọn tó jókòó ló kọ́lé lé e.

Bó bá kan ẹnì kan, ó lè sọ bí ìran náà yóò ṣe bẹ̀rẹ̀, kí àwọn yòókù wá sọ bóyá ire ni yóò já sí fún un tàbí ibi. Ó sì lè ní kí àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sọ bí yóò ṣe parí. Kò lè gba méjèèjì mú. Dáìsì funfun dúró fún ire, dúdú dúró fún ibi. Ní apá àkọ́kọ́, yóò fi dáìsì náà ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ní apá kejì, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò wà. Láàárín apá méjèèjì, wọ́n á mú nǹkan méjì látinú àkójọ mìíràn, èyí tí yóò da ètò gbogbo wọn rú.

Ìdùnnú inú ìjákulẹ̀

Ibí yìí ni adùn tó tóbi jù lọ wà. Nínú ọ̀pọ̀ eré, ẹ̀rù kí wọ́n má fìdí rẹmi ló ń ba àwọn tó ń ṣe é. Nínú Fiasco, orúkọ eré ti sọ fún gbogbo wọn pé nǹkan yóò bàjẹ́. Ìtàn rẹ̀ jọ ti àwọn fíìmù Joel àti Ethan Coen, bíi Fargo tó jáde lọ́dún 1996, níbi tí ọ̀kánjúwà ti ń ti àwọn èèyàn lásán sínú ìwà ọ̀daràn tí apá wọn kò ká. Nítorí pé kò sí ẹni tó ń lé ipò kìíní, kò sí ìdí láti máa ṣọ́ra. Òṣìṣẹ́ báńkì tó jẹ́ ọmọlúàbí lójú gbogbo ayé lè di gbájú-ẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, kó rẹ́rìn-ín títí, kó sì padà sílé láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ní ìparí, oníkálukú á ju dáìsì ọwọ́ rẹ̀, á ro ti funfun lọ́tọ̀, á ro ti dúdú lọ́tọ̀, á sì yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó pọ̀. Bí ohun tó ṣẹ́kù bá ti ń pọ̀ sí i ni ìgbẹ̀yìn ẹni náà ń dára sí i. Bó bá ku òdo, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ burú kọjá sísọ. Nítorí náà, dáìsì tí ọ̀rẹ́ fi tani lọ́rẹ ní apá àkọ́kọ́ lè gbani là, ó sì lè ba ti èèyàn jẹ́.

Àmọ́ ṣá, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló bá lára mu. Ẹni tó ń tijú lè jókòó láìsọ̀rọ̀, ìtàn sì lè wọ ibi tí yóò dun ẹnì kan. Nínú ẹ̀dà tuntun tó jáde lọ́dún 2020, tí káàdì ti rọ́pò dáìsì àti àkójọ, káàdì kan wà tí ẹnikẹ́ni lè lò láti sọ pé kí wọ́n yà kúrò níbẹ̀.

Ohun tó kan ọlọ́jà

Oríṣi àkójọ mẹ́rin ló wà nínú ìwé àkọ́kọ́, láti ìlú kékeré ní gúúsù Amẹ́ríkà dé ibùdó ìwádìí ní Antarctica. Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ yìí ń fi àkójọ mìíràn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn oníbàárà náà sì ń kọ tiwọn. Ẹni tó bá gba àkójọ ọ̀fẹ́ ṣì nílò ìwé náà kó tó mọ bí yóò ṣe lò ó. Lọ́dún 2012, wọ́n ṣe eré náà nínú TableTop, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí òṣèré Wil Wheaton ń darí, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí sì fojú ara wọn rí bí ẹ̀rín ṣe ń pa àwọn tó ń ṣe é.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣi èyí lóye o. Télọ̀ tó gbé aṣọ tí kò lápá fún oníbàárà kò ṣe ohun tí Morningstar ṣe. Morningstar parí ohun tó le: àkójọ, òfin dáìsì, àti bí ìtàn yóò ṣe dópin lásìkò. Ohun tó fi sílẹ̀ ni èyí tí oníbàárà yóò gbádùn láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó sì mú ohun kan ṣoṣo tó ń dí èèyàn lọ́nà kúrò, ìyẹn alákòóso tí gbogbo wọn ní láti dúró dè.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kò lè bá Hasbro náwó ìpolówó. Ṣùgbọ́n kò ná ilé-iṣẹ́ kékeré ní nǹkan púpọ̀ láti béèrè lọ́wọ́ oníbàárà ohun tó ń sú u nínú ọjà tó ń rà, àti ohun tó máa ń wù ú kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè méjèèjì dáadáa ti mọ ohun tó yẹ kó mú kúrò lára ọjà rẹ̀, ó sì ti mọ ohun tó yẹ kó fi sílẹ̀ fún oníbàárà.