Ṣé ariwo ẹ̀rọ atẹ́gùn tó ń pèsè iná lè dá àìsàn síni lára? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní adágún Kossou nítòsí Bouaké

Ẹni tó bá kúrò ní Bouaké, ìlú tó tóbi ṣìkejì ní Côte d'Ivoire, tó dorí kọ ìwọ̀-oòrùn lọ sí Béoumi, yóò dé ibi tí omi ti gba ilẹ̀ lọ súà. Adágún Kossou nìyẹn. Kì í ṣe adágún àdáyébá. Odò Bandama ni ìjọba sé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 kí orílẹ̀-èdè náà lè rí iná mànàmáná lò.

Omi náà dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ohun tó ń dún lálaalẹ́ tí ẹnikẹ́ni fi lè sọ pé òun kò rí oorun sùn. Síbẹ̀, adágún yìí ti da ìgbé ayé àti ìlera àwọn tó ń gbé etí rẹ̀ rú ju bí ariwo ẹ̀rọ kankan ṣe lè ṣe lọ.

Ọ̀rọ̀ náà yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò lásìkò yìí, torí pé ìbéèrè táwọn èèyàn ń béèrè jù níbi tí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn sí ni pé: ṣé ariwo rẹ̀ kò ní pa wá lára?

Kí ló ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù?

Òpó gíga fíofío ni ẹ̀rọ atẹ́gùn, abẹ̀bẹ̀ ńlá mẹ́ta sì máa ń wà lókè rẹ̀. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ lu abẹ̀bẹ̀ yìí, á máa yí, yíyí náà ló sì ń mú iná jáde. Bó ṣe ń yí ló ń dún fúù, fúù, pàápàá lóru tí gbogbo àdúgbò bá ti pa lọ́lọ́. Yàtọ̀ sí ìró tí etí ń gbọ́, òmíràn tún wà tó rẹlẹ̀ débi pé etí kò lè gbọ́ ọ. Èyí tí etí kò gbọ́ yìí gan-an ló ń dá àwọn èèyàn níjì jù.

Ní 2009, Nina Pierpont, tó jẹ́ dókítà ní ìpínlẹ̀ New York l'Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan pé ẹ̀rọ atẹ́gùn ń fa àìróorunsùn, ẹ̀fọ́rí, òòyì àti kí etí máa hó. Ó tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ bí ẹni tó rí àrùn tuntun. Àmọ́ ìdílé 10 péré ló fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, kò sì sí àwùjọ mìíràn tó ń gbé jìnnà sí ẹ̀rọ tó fi wọ́n wé. Ìwé náà tàn kálẹ̀ ju bí ẹ̀rí inú rẹ̀ ṣe lágbára tó lọ.

Kí ni àwọn onímọ̀ rí?

Iléeṣẹ́ ètò ìlera Canada gbé èsì ìwádìí jáde ní 2014 lẹ́yìn tó ti fọ̀rọ̀ wá èèyàn 1,238 lẹ́nu wò, àwọn kan nítòsí ẹ̀rọ, àwọn mìíràn lọ́ọ̀ọ́kán. Kò rí i pé ẹni tí ariwo kàn jù ló ń ṣàìsàn jù, tàbí pé òun ni oorun rẹ̀ dàrú jù. Ohun tó rí ni pé bí ariwo ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ìnira àti ìbínú àwọn èèyàn ń pọ̀ sí i.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìlera Australia náà sọ ní 2015 pé kò sí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀rọ yìí ń fa àìsàn, àmọ́ ó fi kún un pé iṣẹ́ ìwádìí tó dáa lórí rẹ̀ kò tíì pọ̀ tó. Nígbà tó di 2023, àwọn onímọ̀ ní Sydney gbé èsì mìíràn jáde. Èèyàn 37 tí ariwo tètè máa ń dà láàmú ni wọ́n kó sínú yàrá, tí wọ́n sì jẹ́ kí irú ìró tí etí kò gbọ́ yìí máa kàn wọ́n fún wákàtí 72. Kò sí nǹkan kan tó yàtọ̀ nínú oorun wọn àti ìlera ọkàn wọn.

Èyí tó yani lẹ́nu jù wáyé ní New Zealand. Wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù han àwọn kan pé ìró yìí léwu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní àwọn fẹ́ tan án sí wọn, nígbà tó jẹ́ pé ní apá kan lára àsìkò náà, wọn kò tan nǹkan kan rárá. Síbẹ̀, àwọn tó ti wo fíìmù náà ní ara àwọn kò dá. Ìpayà nìkan ti tó.

Èyí kò wá sọ pé irọ́ ni ẹni tí kò rí oorun sùn ń pa. Ariwo ni ariwo ń jẹ́. Nínú ìlànà tó ṣe fún ilẹ̀ Yúróòpù ní 2018, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, dámọ̀ràn pé kí ariwo ẹ̀rọ atẹ́gùn má kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 45 tí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ láti òwúrọ̀ di òru. Ní Jámánì, òjìji abẹ̀bẹ̀ tó ń ṣẹ́jú lójú fèrèsé ilé kan kò gbọdọ̀ ju wákàtí 30 lọ lọ́dún. Tí wọ́n bá gbé òpó jìnnà sí ilé, ọ̀pọ̀ ìṣòro yìí á rọlẹ̀.

Ìjà ilẹ̀ ló pọ̀ jù

Ní Áfíríkà, ilẹ̀ ló ti ń dá rògbòdìyàn sílẹ̀ jù. Ní Kinangop lórílẹ̀-èdè Kenya, àwọn àgbẹ̀ fárígá lórí ilẹ̀ wọn, ẹ̀mí ṣòfò nínú ìfẹ̀hónúhàn ní 2015, iṣẹ́ náà sì forí ṣánpọ́n ní 2016. Ní ẹ̀bá adágún Turkana, níbi tí ẹ̀rọ 365 ti ń pèsè mẹgawáàtì 310, ilé ẹjọ́ kan ní Meru dájọ́ ní 2021 pé wọn kò tẹ̀lé òfin nígbà tí wọ́n ń gba ìwé ilẹ̀ náà. Ẹ̀rọ ti ń yí kí ìdájọ́ tó dé.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Kossou?

Ẹ̀yin odi Bouaké kọ́ ni ibi tí èèyàn á ti wá ẹ̀rọ atẹ́gùn, torí pé atẹ́gùn àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire kò lágbára tó. Àmọ́ àwọn ará ibẹ̀ mọ ohun tí iṣẹ́ iná mànàmáná ńlá lè dá sílẹ̀ fún ìlú.

Nǹkan bíi 75,000 èèyàn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Baoulé, ni dáàmù Kossou lé kúrò nílé. Ìjọba dá àjọ AVB sílẹ̀ ní 1969 láti rí sí ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n sì kọ́ abúlé tuntun fún wọn. Wọ́n rọ̀ wọ́n kí àwọn kan kó lọ sí ìgbó gúúsù ìwọ̀-oòrùn níhà San-Pédro, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ló gbà. Ta ni yóò fi sàréè bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ síbi tí kò mọ̀? Ilé tuntun dáa lójú, ṣùgbọ́n ilé kọ́ ni oko, owó gbà-má-bínú kì í sì í hù bí iṣu. Nígbà tó yá, apẹja Bozo láti Mali kún orí adágún náà, ní 1998 sì ni ìjà bẹ́ láàárín wọn àti àwọn Baoulé.

Àìsàn tó wọlé kò pariwo. Ìgbín kéékèèké inú omi tó dúró sójú kan ló ń gbé kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn WHO tẹ̀ jáde ní 1997 fi hàn pé kí wọ́n tó sé odò, nǹkan bí èèyàn 14 nínú 100 ló ní irú àtọ̀sí yìí lágbègbè Kossou. Ní 1992, wọ́n ti di 53. Ní Taabo, níbi tí dáàmù kejì wà lórí odò Bandama kan náà, wọn kò rí ẹnì kankan tó ní in tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn dáàmù, ó di 73 nínú 100.

Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ ẹni tó lo oògùn lónìí tó tún padà wọ omi lọ́la láti fọṣọ tàbí pẹja lè tún kó o.

Ohun tó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ lè fọwọ́ sọ̀yà lórí Kossou ni pé àwọn kan ti yẹ ìtọ̀ àwọn ará abúlé wò kí omi tó dé. Lọ́pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹ̀rọ atẹ́gùn, ẹnikẹ́ni kò wọn bí òru ìlú náà ṣe dákẹ́ tó, tàbí béèrè bí àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe ń sùn, kí wọ́n tó ri òpó àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀.