Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí lẹ fẹ́ ṣe lórí ìkànnì ayélujára kí ẹ tó ṣí i?

Ìkòròdú ni àwọn ọmọkùnrin tí a mọ̀ sí Ikorodu Bois ti gbéra. Bàróò àti ohun èlò inú ilé ni wọ́n fi ń ṣe àwòkọ fíìmù ńláńlá tí wọ́n ń gbé sórí ìkànnì ayélujára. Lọ́dún 2020, wọ́n ṣe ti fíìmù Extraction. Àwọn Russo Brothers tó wà nídìí fíìmù náà rí i, wọ́n sì pè wọ́n síbi àfihàn àkọ́kọ́ apá kejì. Netflix náà fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ sì wò ó o, orí ìkànnì kan náà tí ẹlòmíì ti ń wo ìjà àwọn gbajúmọ̀ mọ́jú ni!

Facebook, TikTok àti Instagram kò ní ìsàlẹ̀. Bí ẹ ṣe ń fìka fà á, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn ń yọjú. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, torí pé ojú wa ni wọ́n ń tà fún àwọn olùpolówó. Ìpinnu ẹnu lásán kò ràn án. Inú ètò fóònù yín (Settings) ni kí ẹ lọ: ẹ pa ìró gbogbo ohun tí kì í ṣe ìpè, kí ẹ sì dá iye àkókò òòjọ́ fún un.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta ẹja l'Ẹ̀pẹ́, wákàtí 24 ni státọ́ọ̀sì WhatsApp ń lò. Ẹ gbé àwòrán ẹja yín sí i láàárọ̀, kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Oníbàárà tó bá fẹ́ rà á yóò pè.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní “Fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá” ńkọ́? Tí ẹ bá rí ọfà méjì lórí rẹ̀, ó ti rìn jìnnà. Láti oṣù kẹrin 2020, ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni WhatsApp ń jẹ́ kí ẹ fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan.